Inú Òtútù Ni Ọgbà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá yọjú sí ọgbà kan nílùú London lóṣù Kejìlá lè rò pé ó ti kú. Igi ti wọ́wé tán, ilẹ̀ rin gbindin, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òkùnkùn sì ti ń kùn. Lọ́jọ́ tó kúrú jù nínú ọdún, ojúmọmọ kì í pé wákàtí mẹ́jọ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ ọgbà kì í fi gbogbo àsìkò yìí jókòó ti híta, torí púpọ̀ nínú ohun tí wọn yóò kó lóṣù Keje, ìsinsìnyí ni wọ́n ń ṣe ètò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú áàyù. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ki ọmọ rẹ̀ bọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á kọ ibi ṣóńṣó sókè, wọn á sì fi erùpẹ̀ bò ó. Oṣù kan sí méjì ni áàyù gbọ́dọ̀ lò nínú òtútù tí kò kọjá ìwọ̀n 10 Celsius. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ilẹ̀ móoru kó tó gbìn ín lè hú nǹkan roboto kan jáde bí àlùbọ́sà, tí kò pín sí ọmọ rárá.

Báwo ni ewéko tí kò ní ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé òtútù ti pẹ́ tó? Lọ́dún 1918, Gustav Gassner, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde pé irú ọkà kan wà tí kì í yọrí bí òtútù kò bá mú un nígbà tó ṣì kéré. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ni Caroline Dean àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní John Innes Centre, nílùú Norwich, wá fi ọ̀pọ̀ ọdún tú wò lára èpò kékeré kan tó ń jẹ́ Arabidopsis. Jíìnì kan wà nínú èpò náà tí wọ́n ń pè ní FLC. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí òdòdó yọ. Bí òtútù bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń ti jíìnì yìí pa: èyí ti ti tirẹ̀, ìyẹn kò tíì tì í. Èyí tó bá sì ti tì í kì í ṣí i padà nítorí pé ooru dé. Ìdí nìyí tí ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá ṣèèṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lóṣù Kìíní kò fi lè tan èpò yìí jẹ. Iṣẹ́ ọ̀hún wà lára ohun tí Dean torí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Wolf lọ́dún 2020.

Igi ápù náà ní òtútù tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gbà kó tó rúwé dáadáa, ìgbà tó bá sì ń sùn yìí ni wọ́n ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀.

Ti ilẹ̀ ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn àgbà ọgbà a máa fi ṣọ́bìrì yí gbogbo rẹ̀ padà kí ọdún tuntun tó dé. Charles Dowding, tó ń dáko ní Somerset, ní kò sídìí fún wàhálà yẹn: kí wọ́n kàn da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa sórí ilẹ̀, kó nípọn tó ìka méjì, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ekòló. Ekòló sì kọjá ẹni à ń fojú di. Charles Darwin, tó wo iṣẹ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé rẹ̀ ní Kent, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1881 pé lọ́pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erùpẹ̀ tó ń gba inú wọn kọjá lórí éékà kan ń lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ́dún. Ibi tí tọ̀túntòsì ti fẹnu kò ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ tó rin mọ́lẹ̀. Pákó ni kó tẹ́ síbi tó bá fẹ́ dúró sí.

Ní ti ẹni tí kò ní ọgbà nílé, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1908 ló sọ ọ́ di ojúṣe káńsù láti pèsè ilẹ̀ ọ̀gbìn tí aráàlú lè háyà, èyí tí wọ́n ń pè ní allotment. Odindi ọ̀kan tó nǹkan bíi 250 mítà níbùú lóròó. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Caribbean àti ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ tiwọn, ata rodo náà kò sì gbẹ́yìn.

Ata rodo yìí kò fẹ́ fojú kan òtútù rárá, síbẹ̀ inú òtútù náà ni wọ́n ti ń gbìn ín, lóṣù Kìíní tàbí Kejì. Ó ń pẹ́ kó tó so. Ẹni tó bá dúró de oṣù Karùn-ún, òtútù mìíràn á ti dé kí ata rẹ̀ tó pọ́n. Inú ilé ni irúgbìn náà máa ń wà, nínú ike kékeré, níbi tí ooru rẹ̀ tó bíi 25 Celsius, bó bá sì ti hù, ojú fèrèsé ló kàn. Nílé tó bá jẹ́ pé fèrèsé kan ṣoṣo ni oòrùn ń dé, àfàìmọ̀ kí ìjà má ṣẹlẹ̀, torí pòtétò tí wọn yóò gbìn ní nǹkan bí òpin oṣù Kẹta náà ti tò sínú kíréètì ẹyin níbẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sókè, ó ń dúró kó yọ ọ̀mùnú.

Ata kì í jáde lójijì. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrì dídì ṣì lè já títí di àárín oṣù Karùn-ún, òru kan péré sì ti tó láti pa á. Nítorí náà, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọn á máa gbé e síta lọ́sàn-án, wọn á máa gbé e wọlé lálẹ́, títí ara rẹ̀ á fi mọ́ afẹ́fẹ́ ìta.