Ìwádìí Ìlànà Iṣẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Ìdènà Ibà Dẹ́ńgè: Àpẹẹrẹ Guantánamo

Ìfáárà
Ẹ̀fọn Aedes aegypti ni olórí ẹ̀fọn tó ń tan ibà dẹ́ńgè. Inú àgbá, ìkòkò àti táyà àlòkù tí omi wà ni ó ń yé sí. Ní 1981, akọsílẹ̀ fi hàn pé àrùn yìí mú ènìyàn 344,203 ní Kúbà; 158 kú, ọmọdé sì ni 101 nínú wọn. Ìjọba gbógun ti ẹ̀fọn náà, síbẹ̀ àrùn tún bẹ́ sílẹ̀ ní Santiago de Cuba ní 1997. Bí apakòkòrò bá ń pa ẹ̀fọn, kí ló dé tí ẹ̀fọn kò tán?

Ìtumọ̀ ìwádìí ìlànà iṣẹ́
Ìwádìí yìí kì í wá oògùn tuntun. Ohun tó ń yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń lo èyí tó wà nílẹ̀: ta ní ń ṣe é, ibo ló ti ń kùnà, ọ̀nà wo ló lè sàn jù? Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá da omi àgbá nù lónìí, tí onílé tún pọn omi sí i lọ́la láì dé e, iṣẹ́ ti dòfo.

Àbájáde ní Guantánamo
Àwọn olùwádìí ṣẹ́ gègé láti pín agbègbè 32, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ènìyàn 2,000, sí apá méjì tí iye ẹ̀fọn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní agbègbè 16, ètò ìjọba ń lọ bó ti ń lọ tẹ́lẹ̀: àyẹ̀wò ilé, pípa ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí run, fífín oògùn níbi tó yẹ, àti ìlanilọ́yẹ̀. Ní 16 yòókù, wọ́n fi ìmójútó àyíká tí ará àdúgbò ń kópa nínú rẹ̀ kún un. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 2006, ìwọ̀n ilé tí ẹ̀fọn ń yé sí ní apá kejì jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti apá kìíní. Àwọn ọmọ ẹ̀fọn inú omi tó kù díẹ̀ kí wọ́n fò, tí a bá fi iye olùgbé pín wọn, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ni wọ́n kà, kì í ṣe aláìsàn.

Ìgúnlẹ̀
Ètò ìjọba kan náà ló wà ní apá méjèèjì. Ìkópa ará àdúgbò ló yàtọ̀. Ẹ̀fọn yìí wà nílẹ̀ tiwa náà, òun ló sì ń tan ibà pọ́njú. Níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ déédéé, dandan ni kí ará ilé pọn omi pamọ́. Nítorí náà, kí a tó dá wọn lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo omi, kí a sì jọ wá ọ̀nà ìdènà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.