Ìlú Ń Gbòòrò, Ọ̀nà Omi Ń Há: Ọ̀ràn Kawo ní Ìlú Kàdúná

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Zaria wọ ìlú Kàdúná, Kawo ni yóò bá pàdé. Ibẹ̀ ni gáréèjì wà, ibẹ̀ ni ọjà wà, ibẹ̀ náà sì ni afárá ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ wó, tí ó sì tún un kọ́ lẹ́yìn ọdún 2019. Lójú àwọn arìnrìn-àjò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ìṣòro Kawo. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí afárá kò lè yanjú. Ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí omi òjò ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà dé odò.

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bí Zaria. Ìjọba amúnisìn ló tẹ̀ ẹ́ dó, ọdún 1917 ni wọ́n sì gbé olú ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀. Odò ńlá wà níbẹ̀, ojú irin tó ti Èkó wá àti èyí tó ti Port Harcourt wá sì pàdé níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún ara wọn. Wọ́n ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó ti gúúsù wá, nínú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, akọ̀wé àti oníṣòwò ọmọ Yorùbá wà. Kawo kò sí nínú ètò náà. Abúlé ni, ó wà lẹ́yìn ìlú, oko ló sì yí i ká.

Ní ọdún 1967, Max Lock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ nípa ètò ìlú, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ parí iṣẹ́ tí ìjọba Àríwá gbé lé wọn lọ́wọ́ lórí bí Kàdúná yóò ṣe máa dàgbà. Àkọlé ìwé náà mẹ́nu ba ọdún mẹ́ta: 1917, 1967 àti 2017. Wọ́n wo àádọ́ta ọdún tó ti kọjá, wọ́n sì ṣètò fún àádọ́ta ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ ọdún yẹn kan náà, nínú oṣù karùn-ún, ni wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, ìjọba Àríwá tó ran wọn níṣẹ́ sì kógbá sílé. Ètò náà di ọmọ òrukàn. Àwọn ènìyàn kò sì lè dúró de ètò kí wọ́n tó wá ibi tí wọn yóò sùn.

Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ fa ọ̀pọ̀ wọn wá. Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní Kakuri, ní ìhà gúúsù odò. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí United Nigerian Textiles fi ti ilẹ̀kùn ní 2007, àwọn òṣìṣẹ́ kò padà sí ìlú wọn. Púpọ̀ nínú wọn di oníṣòwò kéékèèké. Ìbẹ̀rù náà kó tirẹ̀ jọ. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 2000, nínú èyí tí ẹ̀mí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ṣòfò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí gúúsù. Ẹni tó ń sá àsálà kì í béèrè bóyá ibi tí òun fẹ́ kọ́lé sí jẹ́ ojú àgbàrá. Bẹ́ẹ̀ ni oko tó yí Kawo ká ṣe di ilé.

Ọwọ́ ẹni tó ń dáko ni ọ̀pọ̀ ti ra ilẹ̀, tí mai unguwa sì fọwọ́ sí ìwé pélébé kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìwé náà fi hàn pé owó yí ọwọ́ padà. Kò fi hàn pé ilẹ̀ náà ṣeé kọ́lé sí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìlú sí ìkáwọ́ Gómìnà, KASUPDA tó ń rí sí ètò ìlú ní ìpínlẹ̀ náà ló sì ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé. Ẹni tí kò ní ìwé kankan ju ti mai unguwa lọ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ í sọ ní ọjọ́ tí katakata bá dé.

Ìtòsí Kawo ni Rafin Guza wà. Ní èdè Hausa, rafi ni odò kékeré, guza sì ni awọ́nríwọ́n inú omi. Orúkọ àdúgbò náà ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ mọ̀. Ó wà lára àwọn ibi tí orúkọ wọn máa ń jáde nígbàkigbà tí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ máa ń ra ilẹ̀, nígbà tí odò ti fà tí etí rẹ̀ sì gbẹ bí àgbàlá. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá fi sọ́kàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná: oṣù kẹjọ gan-an ni òjò ibẹ̀ ń lé kenkà jù. Ẹni tó fi àtúnṣe gọ́tà sílẹ̀ di oṣù yẹn ti pẹ́ jù.

Oko a máa mu omi. Páànù àti sìmẹ́ńtì kì í mu ún. Bí òjò bá rọ̀ tí omi rẹ̀ ga tó mìlímítà 50, òrùlé kan tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 10 yóò da lítà 5,000 sílẹ̀, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 márùndínlọ́gbọ̀n. Kí a wá ro ti òpópónà kan tó ní ogójì ilé. Omi náà kò pọ̀ ju ti ayé oko lọ nígbà tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Ibi tí yóò wọlẹ̀ sí ló ti tán. Bí a bá wá fi ògiri dí ọ̀nà rẹ̀, inú yàrá ni yóò gbà.

Ìbàdàn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó korò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó sì gba ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ìdọ̀tí ti dí odò náà, ilé sì ti há a mọ́ra. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà, ó sì tún pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Òjò ló dé lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló pa wọ́n.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ẹgbẹ́ àdúgbò ti wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe dáadáa: wọ́n ń dá owó, wọ́n ń gbẹ́ kànga-dẹ́rọ, wọ́n ń gba ọdẹ, wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí ẹgbẹ́ kan gbẹ́ tí kò dé odò, omíyalé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àdúgbò kejì ni. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti mai unguwa máa pàdé níbi àpèjẹ nìkan. Ó yẹ kí wọ́n jọ rìn láti orí òkè dé etí odò nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí wọ́n fi ojú rí ibi tí omi ń gbà. Ní ọjọ́ ìmọ́tótó pẹ̀lú, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú gọ́tà tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní etí rẹ̀ yóò padà wọ inú rẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Owó ọkọ̀ tí yóò kó o lọ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó dá owó ṣọ́bìrì.

Bí àlejò bá sì dé tó ń wá ilẹ̀ rà, tí ó sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ tó ti pẹ́ ní Kawo, kí wọ́n sọ fún un ibi tí omi dé ní ọdún tó kọjá, kí wọ́n sì mú un lọ síbẹ̀ kí ó tó sanwó.