Ẹ Má Wo Iye Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù Nìkan, Ẹ Wo Ohun Tó Ń Gbé E

Bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ìlà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá: àpapọ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Tó bá ti wà lábẹ́ 200 mg/dL (ìyẹn bíi 5.2 ní ilé àyẹ̀wò tó ń lo mmol/L), ọkàn wọn balẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó sanra jù, pàápàá ẹni tí ọ̀rá ti kún ikùn rẹ̀, ìlà yẹn lè dára lójú kí ewu sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń dí kì í dunni. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkàn daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí rọpárọsẹ̀ dé ni wọ́n tó mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ara ń lò ó láti fi mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, láti fi ṣe òróòro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ, àti láti fi ṣe họ́mọ̀nù tọkùnrin-tobìnrin. Ara wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó ń bá ẹyin àti ẹran wọlé kò tó ìdajì. Àkọlé “kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù” tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò òróró kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohunkóhun fún ẹni tó ń rà á, torí kò sí òróró tí a fún láti ara èso tàbí irúgbìn tó ní in débi tó ń kà. Epo pupa náà kò ní in. Irú ọ̀rá tó wà nínú òróró ló yẹ ká máa béèrè. Ọ̀rá tó máa ń dì bí òtútù bá mú un ló ń mú kí LDL, ọ̀kan lára ohun tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, pọ̀ lẹ́jẹ̀; irú ọ̀rá yìí sì tó nǹkan bí ìdajì epo pupa.

Ọ̀rá kì í bá omi pò, omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ara fi máa ń di kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ní ẹrù kéékèèké, tí yóò sì fi purotéènì wé e kó lè rìn. Ẹ jẹ́ ká fojú alárù inú ọjà wo àwọn tó ń gbé ẹrù yìí. VLDL ń jáde láti inú ẹ̀dọ̀, ó ru triglyceride, ìyẹn ọ̀rá tí ara ń lò fún agbára tàbí tó ń tò pamọ́. Bó bá ti sọ èyí tó pọ̀ jù kalẹ̀ tán, ó lè di LDL, tó wá ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù káàkiri. HDL ní tirẹ̀ ń kó èyí tó ṣẹ́kù padà sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ẹrù ni ilé àyẹ̀wò sábà máa ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ alárù ló ń kọlu ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, tó ń wọnú rẹ̀, tó ń há síbẹ̀. Ẹrù tí alárù mẹ́wàá lè gbé, ogún náà lè pín in gbé. Ìwọ̀n ẹrù kò yí padà, àmọ́ ọ̀nà tóóró náà ti há mọ́ wọn.

Sísanra jù máa ń sọ mẹ́wàá di ogún. Gbogbo ọ̀rá ara kọ́ ló ń fa èyí o. Ọ̀rá ìdí àti ti itan kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọkàn lẹ́nu. Èyí tó wà nínú ikùn, tó yí ìfun ká, tó sì ń wọnú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, ni oníwàhálà. Bó bá ti pọ̀, ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀dọ̀ tí ínsúlíìnì ń dá lẹ́kun tẹ́lẹ̀ á wá máa tú VLDL síta lọ́tùn-ún lósì, triglyceride á sì kún inú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní CETP á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín àwọn alárù: á mú triglyceride fún LDL àti HDL, á sì gba kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀dọ̀ á fá triglyceride náà kúrò lára wọn. LDL tó bá kù á kéré, á sì ki. HDL náà á kéré débi pé ara á tètè pa á rẹ́.

LDL kékeré yìí máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Michael Brown àti Joseph Goldstein ṣàwárí pé sẹ́ẹ̀lì ní ohun kan lójú ara tó fi ń gbá LDL mú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1985. LDL tó kéré tó sì ki kò rọrùn láti gbá mú bí èyí tó tóbi, nítorí náà ó ń yípo fún ìgbà pípẹ́, ó ń wọ ògiri iṣan, ó sì tètè ń bàjẹ́ síbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá rò pé LDL ńlá kò léwu. Ó léwu. Iye tí wọ́n jẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré máa ń ní púpọ̀ láìmọ̀.

Ẹ wo èèyàn méjì yìí. LDL àwọn méjèèjì jẹ́ 110 mg/dL. HDL ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 55, triglyceride rẹ̀ 80, àpapọ̀ sì jẹ́ 181. HDL ẹnì kejì jẹ́ 34, triglyceride rẹ̀ 220, àpapọ̀ 188. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ ẹ yọ HDL kúrò lára àpapọ̀: 126 ló kù fún ẹni àkọ́kọ́, 154 fún ẹnì kejì. Ohun tó kù yìí ni ẹrù gbogbo alárù tó lè wọ ògiri, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe ìṣirò náà nílé láìsan kọ́bọ̀ kún owó àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tó ń ka alárù gan-an ni ApoB, nítorí ApoB kan péré ló wà lára VLDL tàbí LDL kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó sanra béèrè rẹ̀.

Ohun kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gidigidi, tí wọn kì í sọ tó. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, tí Anne Sumner ti NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, wà lára wọn, ti fi hàn pé triglyceride aláwọ̀ dúdú sábà máa ń wà nílẹ̀ kódà nígbà tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí ínsúlíìnì mọ́. Ara aláwọ̀ dúdú ṣì máa ń palẹ̀ triglyceride mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ti aláwọ̀ funfun ti ń kùnà. Àmì tó ń ta òyìnbó lólobó lè máà yọ lára wa rárá, kí àtọ̀gbẹ sì ti wà lójú ọ̀nà. Triglyceride tó ga lára wa kì í ṣe ohun àfojúfò. Èyí tó wálẹ̀ nìkan ò sì tó fi sùn.

Ohun tó kù ni ká wo gbogbo ara pọ̀. Àmì márùn-ún ni àwọn dókítà máa ń wò: ikùn, triglyceride tó dé 150, HDL tí kò tó 40 fún ọkùnrin tàbí 50 fún obìnrin, ẹ̀jẹ̀ ríru láti 130/85 lọ sókè, àti ṣúgà àárọ̀, kéèyàn tó jẹun, tó dé 100. Ẹni tí mẹ́ta bá bá nínú wọn ti wọ ewu. Ní ti ikùn, ẹ gba téèpù aránṣọ. Àjọ àtọ̀gbẹ àgbáyé ní kí a fi sẹ̀ǹtímítà 94 ṣe ààlà fún ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà, 80 fún obìnrin.

Èyí tó ń mú inú mi dùn ni pé ẹ̀dọ̀ tètè ń gbọ́ ìtọ́jú. Ẹni tó wọn 100 kg kò nílò láti di òpéléńgé; bó bá jó 5 sí 10 kg, triglyceride, ṣúgà àti ìfúnpá rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀. Mínírà, ọtí, búrẹ́dì funfun àti òkèlè ràgàjì alẹ́ ni kéèyàn kọ́kọ́ dín kù, torí ṣúgà tó bá pọ̀ jù ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di triglyceride. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù lè gba ipò wọn. Fún àwọn kan, oúnjẹ nìkan kò ní tó. Oògùn statin máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì túbọ̀ gbá LDL mú, dókítà ló sì máa sọ ẹni tó yẹ fún. Àti ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kó má bínú sí òṣùwọ̀n tí kò bá tètè yí: ọ̀rá inú ikùn àti ti ẹ̀dọ̀ lè ti máa dín kù kí ìwọ̀n ara tó yí padà rárá, téèpù ló sì máa kọ́kọ́ fi í hàn.