Kámẹ́rà Eré Sísá àti Àmì Ẹ̀ṣẹ̀ Lórí Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Mọ̀

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, àti gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó fi Kàdúná ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ ojú pópó kan gbogbo wa. Ẹgbẹ́ wo ni kì í háyà bọ́ọ̀sì nígbà ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú nílé? Ilé wo sì ni ọmọ rẹ̀ kì í la títì kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé òfin tí ó díwọ̀n eré ọkọ̀, irinṣẹ́ tí a fi ń mú ẹni tí ó bá rú u, àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé e.

Ìdí tí òfin fi díwọ̀n eré

Ọkọ̀ tí ó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ọmọdé bá já sí títì lójijì, kí awakọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ọkọ̀ ti jẹ mítà 14 náà tán. Bí eré bá wá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò tún rìn lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kò mọ sí ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi yé wa pé bí eré ọkọ̀ lójú ọ̀nà kan bá fi ìdá 1 nínú 100 lé sí i, ewu ìjàm̀bá tí ń pani yóò fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lé sí i.

Nítorí èyí ni ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 fi pín eré báyìí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan níbi tí ilé pọ̀ sí, 80 lójú ọ̀nà tí ó já sí ìlú mìíràn, àti 100 ní òpópónà márosẹ̀. Fún takisí àti bọ́ọ̀sì, ó jẹ́ 50, 80 àti 90. Fún tírélà àti táńkà, ó jẹ́ 45, 50 àti 60. Nítorí náà, ní Kawo, ní Tudun Wada, ní Kakuri àti ní gbogbo ibi tí ilé àti ìsọ̀ ti tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, 50 ni òpin, ìbáà jẹ́ òru tí ọ̀nà dá páropáro.

Bí irinṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́

Irinṣẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń gbé lọ́wọ́ máa ń ta ìtànṣán sí ara ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ìtànṣán náà á kọ lu ọkọ̀, á sì padà; láti inú ìyàtọ̀ tí ó bá ní nígbà tí ó padà ni irinṣẹ́ ti ń ṣírò eré ọkọ̀. Kámẹ́rà tí a gbé dúró sí ojú kan máa ń fi àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀ kún un, kí a lè mọ ẹni tí ó ni ín. Irú kẹta ni kámẹ́rà méjì tí ó jìnnà sí ara wọn. Wọ́n á wo àkókò tí ọkọ̀ kan fi ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, wọ́n á sì ṣírò eré rẹ̀ láàárín méjèèjì. Ẹni tí ó rọra kọjá níwájú kámẹ́rà, tí ó tún wá bẹ́ eré mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè bọ́ lọ́wọ́ irú èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kámẹ́rà eré sísá ti wà lójú ọ̀nà láti ọdún 1992, awakọ̀ tí àmì rẹ̀ bá pé 12 láàárín ọdún 3 lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti wakọ̀.

Àmì ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ wa

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú òfin àjọ náà, ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó ìtanràn, ó sì ní àmì tí àwọn awakọ̀ ń pè ní pọ́ìntì. Eré tí ó kọjá ìwọ̀n ń gba 3,000 náírà àti àmì 3. Lílo fóònù nígbà tí ènìyàn ń wakọ̀ ń gba 4,000 náírà àti àmì 4. Àìde bẹ́líìtì ìjókòó ń gba 2,000 náírà àti àmì 2. Ìwakọ̀ tí ó fi ẹ̀mí ènìyàn wewu ń gba 50,000 náírà àti àmì 10.

Àmì wọ̀nyí ń kó jọ ni. Bí wọ́n bá wà láàárín 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni a ó fún awakọ̀. Láti 15 dé 20, a ó gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ìgbà kan. Bí wọ́n bá pé 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gba ìwé náà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Owó ìtanràn kì í dun ènìyàn bákan náà: 3,000 náírà lè jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ kan fún awakọ̀ takisí, kí ó sì jẹ́ ohun tí olówó ń fi tọrẹ láìbojúwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àmì 3 ni àmì 3. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà, kò sì béèrè ọmọ ẹni tí ènìyàn ń ṣe.

Ojúṣe ìjọba, ẹ̀tọ́ aráàlú

Òfin tí a kò rí kò ṣeé tẹ̀ lé. Ó yẹ kí pátákó tí ó ń sọ ìwọ̀n eré hàn gbangba, kí a sì máa yẹ irinṣẹ́ wò kí ó má bàa purọ́ mọ́ aláìṣẹ̀. Ẹni tí a bá mú ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ẹ̀sùn tí a kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí, ó sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ bí kò bá gbà pé òun jẹ̀bi. A kì í ka owó ìtanràn sí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Ilé ìfowópamọ́ ni a ti ń san án. Ẹni tí ó bá na rìbá sí ẹ̀ṣọ́ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, nítorí òfin ka ìyẹn náà sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní àmì tirẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Èkíní, kí ẹgbẹ́ tó háyà bọ́ọ̀sì, kí ó yẹ ìwé àṣẹ awakọ̀ wò, kí ó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ kọjá 90 ní òpópónà márosẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe máa kígbe mọ́ awakọ̀ pé òkú ń dúró dè wá nílé. Bí ìsìnkú bá jẹ́ aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbéra ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí a bá fi òfin mú ọmọ ẹgbẹ́, kí olórí má ṣe bá a wá ẹni ńlá tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ó pa àmì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ń dá awakọ̀ kan náà padà sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń gbà kọjá.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í nini lára. Eré àsápajúdé kò tíì mú ẹnikẹ́ni débi tí ó ń lọ pẹ̀lú àlàáfíà ju ẹni tí ó rọra wakọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a ka ìwé yìí ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ tí ń gbé wa.