Kí Ni Àgbo Ìfọnú Ń Fọ̀?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn á ti gbọ́ ọ rí. Olóògùn á dìde láàárín èrò, á gbàdúrà fún awakọ̀, ọ̀rọ̀ á wá kan ìfun: oúnjẹ tí ẹ ti ń jẹ láti kékeré ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti di májèlé, òun ló ń fa orí fífọ́, ẹ̀yìn ríro àti jẹ̀díjẹ̀dí. Ìgò kan péré, gbogbo rẹ̀ á jáde. Ẹni tó bá rà á á sáré lọ sí ṣálángá títí, á sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún òun.

Àgbo náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ tó ṣe gan-an ló yẹ ká mọ̀.

Ìfun ńlá gùn tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Kí oúnjẹ tó dé ibẹ̀, ìfun kékeré ti fa èyí tó wúlò jù nínú rẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù, ìfun ńlá á sì fa omi àti iyọ̀ yẹn padà sínú ẹ̀jẹ̀, á máa ti èyí tó kù lọ sí ìdí. Awọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ gbó: láàárín ọjọ́ mélòó kan, ti àtijọ́ á ti bọ́ dànù, tuntun á ti rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ò ríbi lẹ̀ mọ́. Májèlé tó bá sì wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bójú tó o.

Ewé àsúnwọ̀n wà nínú ọ̀pọ̀ àgbo yìí, ìbátan rẹ̀ ló sì wà nínú tíì ìfọnú tó ń ti òkè òkun wá. Èròjà inú ewé náà ò ní ṣe ohunkóhun títí á fi dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú wa ti máa tú u palẹ̀, tó fi máa di ohun tó ń ta ìfun jí. Ìfun á máa súnkì kíákíá, kò ní ráyè fa omi padà, omi mìíràn á tún máa ya wọ inú rẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, ìyẹn lẹni tó mu ún lálẹ́ ṣe ń sáré láàárọ̀. Omi ara rẹ̀ ló ń dà nù yẹn. Kílò tó dín, omi náà ni; bó bá ti jẹ, tó mu, á padà.

Àwọn kan ń ta ìyẹ̀fun ìfọnú. Ẹni tó bá lò ó á rí nǹkan gígùn tó ń fà bíi rọ́bà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ìdọ̀tí ọdúnmọ́dún nìyẹn. Psyllium àti amọ̀ bentonite inú ìyẹ̀fun yẹn ló wú, tó dì papọ̀ nínú ìfun. Ohun tó gbé mì ló ń rí.

Kì í ṣe olóògùn inú ọkọ̀ ló dá èrò pé oúnjẹ ń di májèlé nínú ìfun sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà ńlá gbà á gbọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, William Arbuthnot Lane ń gé ìfun ńlá àwọn tí ò rígbẹ́ yà dànù. Ní Battle Creek, ní Amẹ́ríkà, John Harvey Kellogg ń fi omi fọ ti àwọn aláìsàn rẹ̀. Ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1922 ni mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà kan ní káwọn ọkùnrin mélòó kan má yàgbẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ara wọn ò yá mọ́. Bó ṣe rọ omi sí wọn nídìí tí wọ́n yàgbẹ́, ara wọn yá wéré, bẹ́ẹ̀ májèlé inú ẹ̀jẹ̀ ò lè tètè lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ki òwú sí wọn nídìí, ìnira kan náà tún dé. Òwú ò ní májèlé. Ìdí tó kún ló ń ni ara lára, tó bá sì ti ṣófo, ara á fúyẹ́.

Omi tí àgbo ń mú jáde kì í dá nìkan lọ. Ó ń gbé pọtasíọ̀mù tí ọkàn fi ń lù déédéé dání. Ewu ńlá ni èyí fún àgbàlagbà, fún ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, àti fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ omi sí ìdí náà ní ewu tirẹ̀: láàárín 1978 sí 1980, ní ìpínlẹ̀ Colorado, èèyàn tó tó 36 ló kó amíbà ní ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ìfun. Wọ́n ní láti gé ìfun mẹ́wàá nínú wọn, mẹ́fà sì kú.

Àwọn ọsibítù pẹ̀lú máa ń fọ ìfun kí dókítà tó fi kámẹ́rà wò ó, kí ojú rẹ̀ lè ríran kedere. Ní ti ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ gan, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, omi tó tó àti ìrìn díẹ̀ lójoojúmọ́ ni kó kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ló ká mi lára jù. Jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń pè é, a ó sì máa mu àgbo láti oṣù dé oṣù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun, èyí tí iṣẹ́ abẹ lè wò sàn bí wọ́n bá tètè rí i. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀, tí bó ṣe ń yàgbẹ́ ṣàdédé yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń rù láìnídìí, kó lọ bá dókítà, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ìdí òun wò, kó má tijú.