Ta ni yóò gba abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń sá fún?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà dé Ìkẹjà, Agége àti àyíká wọn lọ́dún 2021. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ìlú fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti gbà á?

Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà gbà wọlé, ní oṣù kejì ọdún 2020. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù 3.9 balẹ̀ sí Àbújá. Ọjọ́ 12 oṣù náà ni Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni ìjọba ní kó ṣíwájú.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yára gbà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Jámánì, Faransé àti Ítálì dá abẹ́rẹ́ yìí dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba àwọn kan.

Ní ti ará ìlú, àwọn kan ní yóò sọ obìnrin di àgàn. Yahaya Bello tó jẹ́ gómìnà Kogí nígbà náà tilẹ̀ sọ ní gbangba pé wọ́n fẹ́ fi pa ènìyàn ni.

Ìfura yìí ní gbòǹgbò. Lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn yírùnyírùn ń ṣe ní Kánò, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù. Lọ́dún 2003, Kánò dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Àrùn náà tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì di ọdún 2020 kí Áfíríkà tó bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ tó ti wà látayébáyé.

Fún òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ògbà, Ọ̀rẹ́gùn àti Agége, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà lè fa ibà àti ara ríro fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tí kò bá sì dé ibi iṣẹ́ kò ní gba owó ọjọ́ náà.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ní òṣìṣẹ́ òun tí kò bá gba abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ mú èsì àyẹ̀wò wá kó tó wọ ọ́fíìsì. Àṣẹ lè mú ènìyàn na apá, kò lè mú un gbàgbọ́.

Kòrónà ti rọlẹ̀, ìfura kò tíì lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Èkó ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀rọ̀ àgàn náà ni àwọn kan tún gbé dìde. Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ọmọ-ọmọ yín wá, ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí àhesọ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè pé, "Ṣé ọmọ tìrẹ ti gbà á?" Ó tọ́ kó dá yín lóhùn láìbínú.