Fíìmù olówó pọ́ọ́kú tí Rathbone sá fún ló gbé orúkọ rẹ̀ ró

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá àwọn fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 12 kan mu, èyí tí ilé iṣẹ́ Universal ṣe ní Hollywood, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1942 sí 1946. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sanwó wọ ilé sinimá sábà máa ń wo fíìmù méjì: ọ̀kan tó gba owó ńlá, tí àwọn èèyàn torí rẹ̀ wá, àti ọ̀kan kékeré tí wọ́n fi ṣe ènì. Fíìmù ènì làwọn 12 yìí. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò pé wákàtí kan àti ààbọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá ayé ìgbà náà ni kò sẹ́ni tó rántí mọ́, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń wo àwọn ènì wọ̀nyí. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn tó yẹ kó kà wọ́n sí kò kà wọ́n sí. Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí wọn pa mẹ́rin tì. Òṣèré tó jẹ́ olórí nínú wọn pàápàá sá fún wọn.

Sherlock Holmes lorúkọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn fíìmù náà dá lé lórí. Kò fìgbà kan gbé ayé rí. Arthur Conan Doyle, dókítà kan tí wọ́n bí sí Edinburgh ní Scotland, ló fi ọgbọ́n orí dá a sínú ìwé, ìtàn àkọ́kọ́ sì jáde lọ́dún 1887. Kí Doyle tó kú lọ́dún 1930, ó ti kọ ìtàn gígùn mẹ́rin àti ìtàn kúkúrú 56 nípa Holmes. Ojú àti ọpọlọ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá rí ẹrẹ̀ lára bàtà àlejò, á ti mọ ibi tí onítọ̀hún ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà Watson, ló máa ń bá a kiri, tó sì ń ròyìn ohun tí ojú wọn rí.

Basil Rathbone, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Johannesburg ní South Africa lọ́dún 1892, ni wọ́n mú láti ṣe Holmes. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Nigel Bruce, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ṣe Watson. Ilé iṣẹ́ Twentieth Century-Fox ló kọ́kọ́ lò wọ́n nínú fíìmù méjì lọ́dún 1939, tàwọn ti aṣọ àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ayé Doyle. Lẹ́yìn ìyẹn, Fox jáwọ́. Nígbà tí Universal gba iṣẹ́ náà lọ́dún 1942, wọ́n gbé Holmes kúrò láyé àtijọ́ wá sí àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wá di ẹni tó ń wọ mọ́tò, tó ń wá àwọn amí Hitler kiri.

Roy William Neill ló darí 11 nínú fíìmù 12 náà, ọkùnrin yìí sì mọ bí a ṣe ń ṣọ́wó ná. Ilé àti àdúgbò tí Universal ti kọ́ fún fíìmù mìíràn ni wọ́n tún lò. Kùrukùru ni wọ́n dà bo ibi tí kò bá wuni í wò. Òṣèré kan náà á pààrọ̀ aṣọ, á tún padà wá. Henry Daniell, tó ṣe Moriarty, ọ̀tá Holmes tó burú jù, nínú The Woman in Green lọ́dún 1945, ti kópa nínú méjì ṣáájú ìyẹn, orúkọ mìíràn ló sì jẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ló kéré, ọgbọ́n ò kéré. Ẹ wo The Pearl of Death tó jáde lọ́dún 1944, tí wọ́n mú jáde láti inú ìtàn Doyle kan nípa ère Napoleon mẹ́fà. Nínú fíìmù náà, Holmes fẹ́ fi han àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan pé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ péálì olówó iyebíye wọn kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ibi tó ti ń ṣàlàyé ni olè kan, Giles Conover, ti gbé péálì sá lọ. Ọlọ́pàá mú un, wọn ò bá nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ti ki péálì bọ inú ère Napoleon kan tí kò tíì gbẹ, ère mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti di títà. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú àwọn tí ẹ̀yìn wọn kán, àfọ́kù àwo sì fọ́n ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nínú ìwé Doyle, Holmes kò jẹ̀bi ohunkóhun. Fíìmù ló fi ẹ̀bi yìí kún un: àwọn èèyàn ń kú nítorí ìyànjú tó jù fẹnu. Àfikún yẹn kò náni ní kọ́bọ̀, òun gan-an ló sì gbé ìtàn náà dúró.

Kì í ṣe pé àwọn fíìmù náà kò lábùkù. Watson inú ìwé jẹ́ dókítà ológun tí orí rẹ̀ pé. Bruce sọ ọ́ di bàbá apanilẹ́rìn-ín tí nǹkan kì í tètè yé, àwọn kan tó fẹ́ràn ìwé Doyle kò sì dárí èyí jì í títí dòní.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú Rathbone. Eré Shakespeare ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ láti ọdún 1939, bó ṣe ń ṣe Holmes nínú fíìmù, bẹ́ẹ̀ lòun àti Bruce tún ń ṣe é lórí rédíò. Ó rí i pé Holmes ti fẹ́ gbé òun mì. Lọ́dún 1946, lẹ́yìn Dressed to Kill, ó ní ó tó, ó sì kọjá sí New York láti lọ ṣe eré orí ìtàgé. Bruce kò tẹ̀lé e. Ó ń ṣe Watson lọ lórí rédíò pẹ̀lú òṣèré mìíràn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bíi pé Rathbone ṣe é re, nítorí ó gba àmì ẹ̀yẹ Tony lọ́dún 1948. Ṣùgbọ́n òjìji kì í fi ẹni sílẹ̀. Lọ́dún 1953, òun fúnra rẹ̀ tún padà di Holmes, nínú eré orí ìtàgé tí ìyàwó rẹ̀, Ouida, kọ. Àìsàn kò jẹ́ kí Bruce lè bá a ṣe é. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà ni Bruce kú, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní New York. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ṣe é níbẹ̀ tó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Rathbone kú lọ́dún 1967.

Àwọn fíìmù náà ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà ní kí ẹni tó ni fíìmù tún ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún 28. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún mẹ́rin: Sherlock Holmes and the Secret Weapon, The Woman in Green, Terror by Night àti Dressed to Kill. Bí wọ́n ṣe di ti gbogbo èèyàn nìyẹn. Ẹni tó bá wù ń ṣe ẹ̀dà wọn tà, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, àwòrán ń ṣú, ohùn ń ha. Ilé ìpamọ́ fíìmù ti Yunifásítì UCLA ní Los Angeles ló wá kó àwọn fíìmù Universal wọ̀nyí jọ, tí wọ́n tún wọn ṣe títí àwòrán fi mọ́ padà.

Lónìí, bí ọ̀pọ̀ àgbà tó mọ sinimá bá gbọ́ orúkọ Sherlock Holmes, ojú Rathbone ni wọ́n ń rí. Ọjà gan-an ti bọ́ sọ́nù lọ́nà. Ènì tí wọ́n fi lé e ni oníbàárà gbé délé.